Ẹ̀yìn Òṣìṣẹ́ Kì í Ṣe Irin

Bí Yorùbá bá bá ènìyàn ní ìdúró, "Ẹ kú ìdúró" ni yóò wí. Bí ó bá bá a ní ìjókòó, "Ẹ kú ìjókòó" ni. A ń kí aláró ní "àrẹdú o", a ń kí onídìrí ní "ojú gboòrò o", a sì ń kí àgbẹ̀ ní "àroko bọ́dún dé o". Kì í ṣe ọ̀yàyà nìkan ni ó bí àwọn ìkíni wọ̀nyí. Àwọn baba wa ti rí i pé ìdúró lásán, iṣẹ́ ni. Pé ìjókòó lásán, iṣẹ́ ni pẹ̀lú. Àti pé ara tí ó bá wà ní ipò kan náà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ń ru ẹrù, bí a kò tilẹ̀ fi ojú rí ẹrù náà.

Ó yà wá lẹ́nu, nítorí náà, pé ní ilẹ̀ tí irú ìkíni báyìí wà, bí ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí ro òṣìṣẹ́, ohun gbogbo ni a ó fura sí àfi iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin tí ó ti ń yan gàrí láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọge kò lè na apá ọ̀tún rẹ̀ sókè mọ́: wọ́n ní làkúrègbé ni. Awakọ̀ tí kò ì tí ì pé ẹni ọdún 45 ń fi ọwọ́ ti ìbàdí kí ó tó lè sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀: wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí ó yé jẹ ohun dídùn, kí ó sì máa mu àgbo. Alábàárù kò lè yí ọrùn padà wẹ̀yìn: wọ́n ní àwọn ọ̀tá ni ó ta á lọ́fà. Bí a kò bá sì rí ẹni tí a lè na ìka sí, a ó ní ogbó ni ó dé, nígbà tí ẹni náà kò tí ì ní ewú kan ṣoṣo lórí.

Àwa kò sọ pé kò sí làkúrègbé, a kò sì sọ pé ọjọ́ orí kì í mú oríkèé gbó. Ohun tí a ń sọ ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ ni a fò dá. Ní ọdún 1700, Bernardino Ramazzini, oníṣègùn kan ní ìlú Modena ní ilẹ̀ Ítálì, tẹ ìwé kan jáde ní èdè Látìn nípa àìsàn tí iṣẹ́-ọwọ́ ń fà. Ó gba àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ níyànjú pé bí wọ́n bá wọ ilé tálákà, kí wọ́n má ṣe kánjú; kí wọ́n jókòó, ì báà jẹ́ lórí àpótí, kí wọ́n sì béèrè iṣẹ́ tí aláìsàn náà ń ṣe kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ oògùn. Ó kọ nípa àwọn alábàárù, ó kọ nípa àwọn ahunṣọ, ó kọ nípa àwọn tí ń dúró ṣiṣẹ́ àti àwọn tí ń jókòó ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó tún ìwé náà tẹ̀ ní ọdún 1713, ọdún kan kí ó tó kú, ó fi ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé kún un, ó sì fi hàn pé ìjókòó àjókòópẹ́ àti ọwọ́ tí ń lọ sí ọ̀nà kan náà láìsinmi ni ó ń sọ agbára nù ní apá wọn. Ó ti lé ní 300 ọdún. Ní ilé ìwòsàn tiwa, a máa ń kọ iṣẹ́ aláìsàn sórí káàdì, nítòsí orúkọ àti ẹ̀sìn rẹ̀. Nígbà tí a bá ti kọ ọ́ tán, orí káàdì náà ni ó máa ń kù sí.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nínú ara kò ṣòro láti mọ̀. Eegun ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀pá kan ṣoṣo. Eegun kéékèèké ni a tò lé ara wọn, tí ohun rírọ̀ kan bí tìmùtìmù sì wà láàrin èyí àti èyí. Bí ènìyàn bá nà ró ṣánṣán, tìmùtìmù náà a máa gba ẹrù dọ́gba. Bí ó bá tẹ̀ kọdọrọ láti gbé ohun tí ó jìnnà sí ara rẹ̀, etí kan ni ó ń fún pọ̀, àwọn iṣan ẹ̀yìn a sì ní láti fa ẹrù náà àti ìdajì ara ẹni náà fúnra rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi èyí han àwọn ọmọ ní kíláàsì yín: kí ọmọ kan gbé korobá omi mọ́ àyà, kí ó sì tún na ọwọ́ rẹ̀ síwájú pẹ̀lú korobá kan náà. Omi kò lé, korobá kò yí padà, ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ fún yín kí ẹ tó bi í.

Ti ọwọ́ àti èjìká tún yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn iṣan tí ó so ẹran ara mọ́ eegun ń gba inú àpò tóóró kọjá, bí okùn ṣòkòtò ti ń gba inú ibi tí a ṣẹ́ fún un. Bí a bá fa okùn náà síwá sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ìgbà lóòjọ́, tí a kò sì fún un ní ìsinmi, yóò wú, ọ̀nà rẹ̀ yóò sì há. Ní ti ẹran ara tí a mú le sí ojú kan fún wákàtí púpọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọ pa. Ní òru, bí ènìyàn bá sùn, ara a máa tún ohun tí ó bàjẹ́ lọ́sàn-án ṣe. Ṣùgbọ́n bí ìbàjẹ́ ọ̀sán bá ju àtúnṣe òru lọ, tí èyí sì ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

A kò lè ṣàì mẹ́nu kan àwọn oògùn apàrora tí a ń kiri ní gbogbo ibùdókọ̀, àti tramadol tí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ agbára ti sọ di oúnjẹ òwúrọ̀. Ìrora ni ó yẹ kí ó sọ fún ènìyàn pé kí ó gbé ẹrù náà sílẹ̀. Oògùn ń pa ẹnu ìrora mọ́, ẹrù sì ń bẹ lórí síbẹ̀. Àwọn kan lára oògùn wọ̀nyí, bí a bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́, a máa dá egbò sí inú, wọ́n a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Báyìí ni ẹni tí ẹ̀yìn ń ro ṣe ń di ẹni tí ó ní àìsàn méjì.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú alábàárù, nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ó hàn gbangba jù. Ẹni tí ó bá dé Ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ní ìdájí, tàbí Mile 12 ní Èkó, yóò rí wọn lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́rù. Ènìyàn méjì ni ó ń gbé àpò sọ̀kalẹ̀ lé ẹnì kan lórí, òun náà a sì sáré, nítorí bí ó bá rọra rìn, ẹrù náà yóò rìn án mọ́lẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì jẹ́ kílò 50. Àpò kòkó lé ní kílò 60. Àpò àgbàdo àti ti ẹ̀wà a máa tó kílò 100. Ní ọdún 1967, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé tí ó wà ní Geneva dámọ̀ràn pé kí ẹrù tí àgbàlagbà ọkùnrin kan yóò dá gbé má ṣe ju kílò 55 lọ. Ní ọdún 1991, àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣe ìwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́ gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti kílò 23, ìyẹn bí ẹrù bá sún mọ́ ara, tí ilẹ̀ tẹ́jú, tí ọwọ́ sì rí ibi dì mú dáadáa. Bí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí bá ti yẹ̀, iye náà yóò máa wálẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹrù tí a fi ọwọ́ gbé ni ìṣirò náà ń sọ, kì í ṣe èyí tí a rù sórí. Ṣùgbọ́n kí ẹrù tó dé orí, ọwọ́ ẹnì kan ni ó kọ́kọ́ gbé e, àpò sìmẹ́ńtì kan sì ti ju ìlọ́po méjì kílò 23 lọ.

Alábàárù ní òṣùká, a mọ̀. Òṣùká ń gba awọ orí là; kò lè gba ọrùn là. Ohun tí ì bá gba ọrùn là ni ọmọlanke. Èéṣe tí ọmọlanke kò fi gba iṣẹ́ yìí pátápátá? Kí ẹni tí ó bá bi wá ní ìbéèrè yìí lọ wo ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ọjà wa lẹ́yìn òjò alẹ́ kan. Ẹrẹ̀ ni, kòtò ni, gọ́tà tí a fi pákó kan dábùú ni. Táyà kò lè gba ibẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó lè gba ibẹ̀. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Oko kò yàtọ̀ sí ọjà. Inú wa dùn pé ní Ìbàdàn kan náà ni ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí a ń pè ní IITA wà láti ọdún 1967, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ sì ti fún wa ní irú ẹ̀gẹ́ tí ń ta dáadáa tí kò sì tètè kó àrùn. Ẹ̀gẹ́ pọ̀ sí i. Iye èyí tí a ó bó, tí a ó fọ̀, tí a ó sì yan pọ̀ sí i pẹ̀lú. Nígbà kan rí, ọwọ́ ni àwọn ìyá wa fi ń rin ẹ̀gẹ́ lára irin tí a dá lu, tí ìka wọn a sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn, kò sì sí ẹni tí ó ní kí a padà sí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n orí àpótí kúkurú náà ni wọ́n ṣì ń jókòó sí bó o, wọ́n a tẹ orí ba, wọ́n a sì tẹ ẹ̀yìn ba. Nídìí agbada, apá kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tí èéfín sì ń bá ojú jà. Bí a bá mọ ààrò náà sókè dé ibi tí obìnrin lè dúró tì í láìtẹ̀ ba, tí a sì ṣe ọ̀nà èéfín fún un, kò ju owó bíríkì àti iṣẹ́ bíríkìlà ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ibi tí a ti ṣe é wà. Ó yẹ kí ó wà ní gbogbo abúlé.

Ní ti ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, a fẹ́ sọ ìtàn kan láti òkèèrè. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn olóko ńlá a máa fún àwọn alágbàṣe, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Mẹ́síkò, ní ọkọ́ kan tí èkù rẹ̀ kò ju nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà lọ. Láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ kọdọrọ nínú oko ewébẹ̀ àti oko bíìtì. Àwọn olóko ní ọkọ́ kúkurú nìkan ni kì í ṣe ohun ọ̀gbìn léṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ohun mìíràn ni ó wà ńbẹ̀: bí gbogbo wọn bá tẹ̀ ba, ọ̀gá yóò mọ ẹni tí ó nàró láti sinmi lójú ẹsẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò aláàbò tálákà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́, àwọn dókítà jẹ́rìí nípa ẹ̀yìn tí ó bàjẹ́, nígbà tí ó sì di ọdún 1975, a fi òfin de ọkọ́ náà ní ìpínlẹ̀ náà. Oko ewébẹ̀ California kò parun. Ọkọ́ gígùn ni wọ́n gbé.

Kì í ṣe pé a ń sọ pé kí a fi òfin de ọkọ́ Yorùbá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni àgbẹ̀ wa fi ń yan ọkọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Kò sí ọ̀gá tí ó fi í lé e lọ́wọ́ kí ó bàa lè máa ṣọ́ ọ, ebè iṣu kò sì rí bí ààlà ewébẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìwádìí tí ó lè tún inú ẹ̀gẹ́ ṣe kò lè sọ pé gígùn èkù ọkọ́ ju agbára òun lọ.

Àwọn iṣẹ́ tí ó kù, a kò lè tú gbogbo wọn palẹ̀ lónìí. Ahunṣọ Ìṣẹ́yìn tí ń ju ọ̀kọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Télọ̀ tí ó tẹ ọrùn ba lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bíríkìlà àti àwọn tí ń po yanrìn fún un. Nọ́ọ̀sì tí ń dá gbé aláìsàn yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Awakọ̀ dáńfó tí gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ń gba abẹ́ ìjókòó rẹ̀ wọ inú egungun. Ọmọdé-kùnrin tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń jó o bí ẹni pé ó fi kan iná. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí a máa rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ agbára. Àwọn akọ̀wé Ramazzini náà rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kò gbọ́dọ̀ rò pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni a ń bá wí. Ẹni tí ń na apá sókè ju èjìká lọ láti kọ̀wé sára pátákó, tí ń dúró láti ago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di ago méjì ọ̀sán, tí ń tẹ̀ ba sórí tábìlì tí a kàn fún ọmọ ọdún méje, tí ó sì ń gbé ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ 60 lọ sílé láti máa fi àtùpà wò wọ́n lóru: èwo ni kì í ṣe iṣẹ́ agbára nínú èyí? Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1931 pẹ̀lú Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti gẹ́gẹ́ bí ààrẹ àkọ́kọ́, ti jà fún owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì láti ọdún yìí wá, ó sì yẹ kí ó jà. Kí ó fi àga kan tí ó bójú mu kún un. Nígbà tí a bá sì ń sọ̀rọ̀ ọmọ, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa kà á léèwọ̀ pé kí a mú ọmọdé gbé ohun tí ó wúwo dé ibi tí yóò fi pa ìdàgbàsókè ara rẹ̀ lára. Olùkọ́ ni ó ń rí ọmọ tí ó dé kíláàsì pẹ̀lú àpá òṣùká láàrin irun rẹ̀. Òun ni ó lè pe ìyá ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ti òṣìṣẹ́ tí ó ti ṣèṣe, òfin kan wà. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ ní ọdún 2010, tí agbanisíṣẹ́ yóò máa san náírà kan nínú 100 náírà owó oṣù tí ó ń san sínú àpò kan, kí a bàa lè fi tọ́jú ẹni tí iṣẹ́ bá pa lára tàbí tí ó ti ibi iṣẹ́ kó àrùn. Òfin rere ni, a sì kan sáárá sí àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n òfin náà ní kí òṣìṣẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàrin ọjọ́ 14 tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Bí pákó bá já lu ènìyàn, a mọ ọjọ́ tí ó já. Ọjọ́ wo ni ẹ̀yìn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́? Ta ni ó wà ńbẹ̀ tí ó rí i? Èyí tí ó tún burú jù ni pé ẹni tí ó ní ọ̀gá ni òfin náà ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá alábàárù tó ogún lóòjọ́, síbẹ̀ kò ní ọ̀gá kan. Ìyá oníyan-gàrí ni ọ̀gá ara rẹ̀. Àgbẹ̀, ta ni yóò bá a san ohunkóhun sínú àpò?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀yin ni a ń bọ̀ wá bá. Bí ìdìbò bá súnmọ́, ẹ mọ ọ̀nà ọjà. Ẹ mọ orúkọ ìyálọ́jà, ẹ mọ alága àwọn awakọ̀, ẹ sì mọ bí a ti ń ka orí àwọn alábàárù. Ẹ ó ṣèlérí títì, ẹ ó ṣèlérí iná mànàmáná. A kò tí ì rí ẹgbẹ́ kan tí ó fi ẹ̀yìn òṣìṣẹ́ sínú ìwé ìlérí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìjọba lè gbé ẹrù kúrò lórí ènìyàn, a ti rí i rí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ni ó kígbe nítorí owó-orí, ṣùgbọ́n ọmọ tí ì bá máa ru ẹrù oko ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà wà ní ilé-ẹ̀kọ́.

Ohun tí a ń béèrè lónìí kéré jọjọ sí ìyẹn. Kí kánsù tí ó bá ń gba owó ní ọjà ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ láti ibi tí ọkọ̀ ń já ẹrù sí títí dé inú ọjà, kí ó da kọnkéré sí i, kí ó sì bo gọ́tà rẹ̀, tí ọmọlanke yóò fi lè gba ibẹ̀ kọjá. Kí ó mọ pèpéle kan tí gíga rẹ̀ bá ẹ̀yìn ọkọ̀ dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má bàa gba àpò láti òkè sí orí mọ́. Kí ó ra ọmọlanke díẹ̀, kí ó sì yá àwọn ẹgbẹ́ alábàárù, kí wọ́n máa san án padà díẹ̀díẹ̀. Kí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó bá wá sí ọjà wa dáhùn èyí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ orin.

A mọ ohun tí wọn yóò sọ: pé owó kò sí. Ní òwúrọ̀ yìí, kí oòrùn tó yọ, àwọn agbowó-ọjà ti já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí ń bẹ ní ìsọ̀, wọ́n sì ti gba ti ọmọlanke mélòó kan tí ó wà níbẹ̀, tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà nítorí pé kò lè wọlé.